Maṣíìnì mi ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, ẹ gbà mí o ẹ̀yin alágbàfọ̀

Alagbafo_UnderG:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ kékeré kan ní Under G níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, maṣíìnì mẹ́ta ni, méjì tó ń ṣí níwájú, kíló 7-7, ọ̀kan tó ń ṣí lókè, tòkúnbọ̀ ni gbogbo wọn. Ọ̀kan nínú àwọn oníwájú yẹn ti ń pariwo láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tó bá ń fọṣọ kò burú, àmọ́ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún omi báyìí, háà, ẹ máa rò pé ìyá kan ló tan ẹ̀rọ ìlọta ní ọjà Jagun, ará ilé kejì ti wá bá mi lẹ́ẹ̀mejì pé ọmọ òun ò rí oorun sùn. Oníṣẹ́ tí mo pè wò ó láti òkèèrè, kò tú nọ́ọ̀tì kan, ó ní ẹ́ńjìnì ti kú pátápátá, kí n tà á fún àwọn onírin, kí n wá owó kún un, òun mọ ibi tí òun á ti bá mi rí òmíràn. Ọkàn mi ò gbà á. Èkejì náà ń gbomi tín-ín-rín, èèyàn á lọ jẹun á tún dé kó tó kún. LAUTECH, yunifásítì ìlú wa níbí, sì ti fẹ́ wọlé padà, ẹ mọ bí Sátidé ṣe máa ń rí tí wọ́n bá ti wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń ṣe sí tiyín tó fi ń tọ́jọ́?

EnjiniDokita:
Àbúrò, má tíì tà á o! Ẹni tí kò tú nǹkan tó ní ó ti kú, ta ló sọ fún un? Wò ó, ṣe báyìí. Yọ ọ́ lára iná kọ́kọ́. Ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀, ki ọwọ́ bọ inú, di etí dúrọ́ọ̀mù mú lókè, gbé e sókè, tún tì í sísàlẹ̀. Tó bá jẹ́ pé dúrọ́ọ̀mù nìkan ló ń mì tí ike ńlá tó yí i ká ò mì, tó ń dún kọ̀-kọ̀, bíárìnì, òrùka irin oníbọ́ọ̀lù tí ọ̀pá dúrọ́ọ̀mù fi ń yí, ti lọ nìyẹn. Tí wọ́n bá jọ ń mì pọ̀, ìyẹn ò burú, orí sípírìnì ni wọ́n so àwọn méjèèjì kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn tú páànù ẹ̀yìn, wo àárín ibi tí bẹ́líìtì ti ń yí, tó o bá rí ìlà pupa rúsúrúsú tó ṣàn wá sílẹ̀ bí omi irin tó dógùn-ún, má béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Bíárìnì yàtọ̀ sí ẹ́ńjìnì. Rọ́bà kan wà níwájú ẹ̀ tó ń dènà omi, síìlì la máa ń pè é, òun ló kọ́kọ́ ń lọ, omi ọṣẹ á wá ráyè wọlé, á fọ gírísì dànù, irin á dógùn-ún, ariwo bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ má lò ó mọ́ báyìí o. Tó o bá ń fi ariwo yẹn lò ó lọ, ọ̀pá àárín náà á jẹ, ìyẹn ló máa wá gbowó gidi lọ́wọ́ ẹ.

Iya_Ibeji_Owode:
Ọmọ Ajílété, pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀yọ́ ni mo wà ní tèmi, Òwódé, ó ti lé lọ́dún 12 tí mo ti ń fọṣọ fún èèyàn. Ohun tí Dokita sọ yẹn, òótọ́ ni, àmọ́ síìlì kì í ṣàdédé lọ, ìwọ alára lo pa á, má bínú sí mi. Báwo lo ṣe ń kó aṣọ sí i? Kíló 7 tí wọ́n kọ sára ẹ̀ yẹn, aṣọ gbígbẹ ni wọ́n ń sọ o, kì í ṣe aṣọ tó ti mumi yó. Mo ní ọmọ iṣẹ́ kan nígbà kan tó máa ń fi orúnkún ti aṣọ wọlé. Orúnkún! Mo dé lọ́jọ́ kan mo bá a níbi tó ti ń ti agbádá méjì mọ́ bẹ́dìṣíìtì mẹ́rin, mo ní ṣé ìwọ lo máa ra òmíràn? Tó o bá kó aṣọ sí i tán, àtẹ́lẹwọ́ ẹ gbọ́dọ̀ lè dúró láàárín aṣọ àti òkè dúrọ́ọ̀mù. Bùláńkẹ́ẹ̀tì ńlá, má fi òun nìkan sí i, á ká jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan maṣíìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í jó káàkiri ilé, fi táwẹ́ẹ̀lì kan tàbí méjì kún un kó lè dọ́gba.

Ọṣẹ náà wà níbẹ̀. Ọṣẹ tí à ń fi ọwọ́ fọ̀ nínú báàfù máa ń hó jù, tó bá ti hó kún inú maṣíìnì oníwájú, pọ́ǹpù ò ní lè fa omi jáde dáadáa mọ́, ìhó ni á máa fà, ẹ̀ ẹ́ kàn rí i tó dúró gbagidi tó kọ nọ́ńbà sójú. Ra èyí tí wọ́n kọ sára ẹ̀ pé ti maṣíìnì ni. Ó wọ́n, mo mọ̀, àmọ́ kékeré là ń lò nínú ẹ̀, síbí ìjẹun méjì sí mẹ́ta ti tó fún aṣọ tí ò dọ̀tí jù. Àwọn kọ́sítọ́mà ló máa ń rò pé bí ò bá hó kò mọ́.

Alagbafo_UnderG:
Mọ̀mí ẹ ṣé, mo gbà, èmi náà máa ń tì í, mi ò purọ́. Orúnkún nìkan ni mi ò tíì lò 😂

Omi_Apake:
Ti èyí tó ń gbomi tín-ín-rín yẹn, má pe oníṣẹ́ kankan sí i kó o tó ṣe eléyìí. Ti ẹnu ẹ̀rọ pa, tú họ́ọ̀sì tó gbé omi wọ ẹ̀yìn maṣíìnì, wo inú ihò yẹn, wà á rí asẹ́ kékeré kan tó tó ojú owó kọ́bọ̀, ike tàbí irin ni. Fi páláyà fà á jáde jẹ́jẹ́, fi bọ́rọ́ọ̀ṣì ìfọnu àtijọ́ fọ̀ ọ́. Asẹ́ kan náà máa ń wà lẹ́nu họ́ọ̀sì níbi ẹnu ẹ̀rọ nígbà míì. Omi kànga wa níbí, pàápàá tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ ló kún inú ẹ̀, èmi máa ń fọ tèmi lọ́sẹ̀ méjì-méjì.

Tó o bá fọ̀ ọ́ tí ò yí padà, wá wo táńkì ẹ. Báwo ló ṣe ga tó? Ọ̀pọ̀ maṣíìnì ń fẹ́ kí omi ní agbára bíi bar 0.3 sí 0.5 (bar la fi ń wọn agbára omi) kó tó lè wọlé bó ṣe yẹ, omi tó wà ní gíga mítà 10 ló ń fúnni ní bar 1. Ṣe ìṣirò ẹ̀. Táńkì tó wà lórí irin ẹsẹ̀ bàtà 10, tí í ṣe bíi mítà 3, bar 0.3 péré nìyẹn, bí omi bá sì ti wálẹ̀ nínú táńkì agbára ń dín kù sí i. Tó bá wá jẹ́ orí búlọ́ọ̀kù mẹ́ta lo gbé táńkì kà, àbùkù maṣíìnì kọ́ o. Gbé e ga, tàbí ra pọ́ǹpù kékeré tó ń ti omi, kó o sì lo páìpù tó nípọn díẹ̀ wálé, kì í ṣe èyí tó dà bí sítírọ́ọ̀.

Rewaya_Takie:
Gbogbo yín ń sọ omi, ẹnìkan ò sọ iná. Nínú maṣíìnì 10 tí mo bá pàdé tó kú, bọ́ọ̀dù, pátákó iná tó ń darí ẹ̀, ló jó nínú èyí tó pọ̀ jù, tí wọ́n bá wá bi wọ́n á ní ó kàn kú ni. Kàn kú bawo? Iná lọ, ó padà dé pẹ̀lú agbára, volts 270, ó gbá bọ́ọ̀dù lójú. Tàbí kó wá ní 150, maṣíìnì ń làkàkà, fáàfù omi ò lè ṣí, ilẹ̀kùn ò lè tì, àwa ń sọ pé ó ti bàjẹ́, iná ni ò tó. Ohun àkọ́kọ́: tí iná bá lọ, pa súwíìṣì ẹ lára ògiri. Tó bá dé, dúró bí ìṣẹ́jú 5 kó o tó tàn án. Gbogbo iná tó ń wá tó ń lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan yẹn, jẹ́ kó parí eré ẹ̀.

Stabilizer: ẹ má ra ti tẹlifíṣọ̀n fún maṣíìnì, mo bẹ̀ yín. Maṣíìnì tó ń mú omi gbóná fúnra ẹ̀, hítà inú ẹ̀ máa ń tó wọ́ọ̀tì 2000, ìyẹn ń fa bíi amps 9, stabilizer 1000 á kàn yọ́ síbẹ̀. Tó o bá ń fi omi tútù fọ̀, mọ́tò inú ẹ̀ nìkan ò mu tó bẹ́ẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré tó dáa náà lè gbé e. Fún ṣọ́ọ̀bù tó ní mẹ́ta, 5kVA ni kó o máa wò, má sì tan hítà méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ìkejì tí mi ò ní fi ṣeré: ẹ́ẹ̀tì, wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Tí ara maṣíìnì bá ń ta ọ́ lọ́wọ́ wín-wín-wín nígbà tí ọwọ́ ẹ tutù, má sọ pé ó ti mọ́ ẹ lára. Omi àti iná wà níbì kan náà. Jẹ́ kí wọ́n ri ọ̀pá bàbà mọ́lẹ̀ níbi tó tutù, kí wọ́n kó èédú àti iyọ̀ sí ìdí ẹ̀, kí wọ́n fa wáyà rẹ̀ wá dé sọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo ti rí ibi tí wọ́n so wáyà ẹ́ẹ̀tì mọ́ nǹkan tí kò lọ síbì kankan, ó kàn rọ̀ sẹ́yìn ògiri ni, bí ìrù.

Ajani_Aawe:
Ẹ fi eku kún un. Eku àti aáyán. Inú ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n fẹ́ràn ẹ̀. Wọ́n jẹ wáyà mọ́tò tèmi tán lóru ọjọ́ kan, oníṣẹ́ wá so ó, wọ́n tún jẹ ẹ́. Mo wá fi nẹ́ẹ̀tì oníirin bo ìsàlẹ̀ ẹ̀, ibi tí wọ́n ṣí sílẹ̀ yẹn. Látìgbà náà, àlàáfíà.

Akanni_Sabo:
Kí maṣíìnì má baà yí funfun nínú, èmi ní ọ̀nà kan o. Omi kànga wa le, ó máa ń dì mọ́ hítà bí ẹfun. Omi bátìrì díẹ̀, ẹ bù ú sínú omi, ẹ dà á sí i, á fọ̀ ọ́ mọ́ fónífóní.

EnjiniDokita:
OMI BÁTÌRÌ KẸ̀? Akanni, ọ̀rẹ́ mi, ásíìdì gidi nìyẹn o! Aluminíọ̀mù tó wà lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù, ẹsẹ̀ mẹ́ta yẹn tó gbé e dúró, ṣé o fẹ́ kó jẹ ẹ́ tán? Ká má tíì wá sọ ojú àti ọwọ́ rẹ. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é.

Iya_Ibeji_Owode:
Yéè. Akanni, ṣé aṣọ àwọn èèyàn lẹ̀ ń kó sínú ẹ̀ lẹ́yìn náà? Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kẹ́míkà ọṣẹ, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní citric acid, ó dà bí iyọ̀ funfun. Giráàmù 100 nínú maṣíìnì tó ṣófo, ẹ tan omi gbóná 60, kó ṣe é tán, kẹ́ ẹ tún fi omi lásán ṣan án lẹ́ẹ̀kan. Oṣù méjì-mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ti tó. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má da á pọ̀ mọ́ bílíìṣì o, wọn kì í pàdé, èéfín tó ń jáde lára wọn lè pa èèyàn nínú yàrá tí wọ́n tì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ má fún un sínú bílíìṣì.

Akanni_Sabo:
Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi kan ló kọ́ mi. Mo ti gbọ́. Ohun tó fà á tí hítà mi kejì fi ṣàdédé jẹ nìyẹn...

Ologbon_Durbar:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè tèmi bọ̀ ọ́. Èyí tó ní ihò méjì ni tèmi, apá tó ń fọ̀ ń dún húùù àmọ́ kò yí, tí n bá fi ọwọ́ ràn án lọ́wọ́ á yí díẹ̀.

EnjiniDokita:
Kapásítọ̀ ni, owó kékeré. Wo nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀, µF mélòó, ra irú ẹ̀ gan-an. Àmọ́ má fi ọwọ́ kàn án lásán o, ó lè ṣì ní iná nínú kódà tó o bá ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri, àwọn rẹwáyà mọ bí wọ́n ṣe ń tú u dànù. Má sì máa fi ọwọ́ ràn án lọ́wọ́ mọ́, tó bá gbá ọwọ́ ẹ o ò ní fẹ́ràn ẹ̀.

Iya_Ibeji_Owode:
Mo gbàgbé ohun kan fún ọmọ Under G. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà nísàlẹ̀ níwájú lápá kan, asẹ́ pọ́ǹpù wà níbẹ̀. Gbé àwo pẹlẹbẹ síbẹ̀ kó o tó yí i, torí omi máa tú. Àwa tá à ń fọ aṣọ súdẹ́ǹtì, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló yẹ ká ṣí i. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí tèmi, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn nǹkan tí mo bá níbẹ̀: wáyà kọ́mú, bọ́tìnì méje, owó ₦50 tó ti ká bí sìgá, síìmù, kọ́kọ́rọ́ yàrá kan, àti eyín àtọwọ́dá kan. Eyín o! Mi ò mọ oní eyín títí dòní, kò sẹ́ni tó wá béèrè. Látìgbà yẹn gbogbo àpò aṣọ la máa ń yí síta kó tó wọlé, bùràsíà sì ń wọ inú àpò nẹ́ẹ̀tì, wáyà ẹ̀ ló máa ń gún rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ya.

Rọ́bà yẹn náà, ẹ máa fi àkísà nù ún lálẹ́, ẹ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbàgbà mọ́jú. Aṣọ tó ń rùn lẹ́yìn tẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ tán, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Alagbafo_UnderG:
Ẹ kú àárọ̀. Mo ti wò ó. Dúrọ́ọ̀mù ń dún kọ̀-kọ̀ lóòótọ́, ìlà pupa sì wà lẹ́yìn, ó gùn tó ọwọ́ mi. Dokita, ṣé mo lè ṣe é fúnra mi? Bọ̀ọ̀dá mẹkáníìkì ọ̀kadà kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní sípánà, ó sì ní òun ò bẹ̀rù.

EnjiniDokita:
Ẹni tí ò bẹ̀rù ló yẹ ká bẹ̀rù o 😂 Àmọ́ ẹ lè ṣe é. Fi fóònù ya fọ́tò gbogbo wáyà àti họ́ọ̀sì kó o tó tú ẹyọ kan, ìyẹn ló máa gbà ọ́. Bẹ́líìtì àti kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn la máa kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn náà òkúta símẹ́ńtì tó wà lórí àti níwájú, ó wúwo, ẹni méjì ni kó gbé e. Lẹ́yìn náà ṣọ́ọ̀kì ìsàlẹ̀ àti sípírìnì òkè, gbogbo ike ńlá náà á jáde. Wo etí ẹ̀: tó bá jẹ́ sikúrù ni wọ́n fi dè é yíká, orí yín ti ṣe é. Tó bá jẹ́ pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ni, ẹ dúró, ìyẹn gba kí wọ́n gé e, ẹ gbé e wá fún mi.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ti dúrọ́ọ̀mù kúrò lára ike, ẹ dá bóòtù àárín padà díẹ̀ sórí ọ̀pá, ẹ fi igi lé e kẹ́ ẹ tó fi òòlù gbá a, ẹ má gbá irin lójú. Ẹ wo ọ̀pá náà dáadáa níbi tí síìlì máa ń fara kàn, ó gbọ́dọ̀ dán. Ẹ wo ẹsẹ̀ mẹ́ta yẹn náà bóyá ó ti là. Bíárìnì méjì ló wà níbẹ̀, ńlá kan, kékeré kan, nọ́ńbà wà lára wọn, ẹ má fi ẹnu rà á, ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ. Àwọn tó ń ta bíárìnì mọ́tò ń tà á, tẹ́ ẹ bá dé Gate ní Ìbàdàn ẹ máa rí i. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní èyí tí wọ́n kọ 2RS sí, rọ́bà ló fi bo ẹ̀gbẹ́, ó sàn fún ibi tí omi wà ju èyí tó fi páànù bò ó. Síìlì tuntun DANDAN. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ dá ti àtijọ́ padà, ẹ sá fún un.

Ẹ fi bíárìnì tuntun sínú fíríísà mọ́jú, á súnkì díẹ̀, á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá ń gbá a wọlé, etí ìta nìkan ni kẹ́ ẹ máa gbá, ẹ má kan ti inú. Gírísì tí omi ò lè fọ̀ ni kẹ́ ẹ fi pa ẹnu síìlì.

Rewaya_Takie:
Tẹ́ ẹ bá tún gbé maṣíìnì kankan láti Èkó, ẹ rí i pé wọ́n fi bóòtù ìrìnàjò dè é lẹ́yìn, mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni. Ẹ ṣáà mọ bí ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ wa ṣe rí, gbogbo gbígbọ̀n yẹn orí dúrọ́ọ̀mù ló ń lọ. Tó bá délé kẹ́ ẹ yọ gbogbo ẹ̀ kúrò o! Ẹnìkan pè mí pé maṣíìnì tuntun òun ń fò, mo débẹ̀, bóòtù ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀. Mo gba owó ọkọ̀ mi.

Alagbafo_UnderG:
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé o, ọjọ́ mẹ́rin ló gbà. Ta ló mọ̀ pé símẹ́ńtì wà nínú maṣíìnì! Bọ̀ọ̀dá mẹkáníìkì rò pé mo ń pa òun láyò títí tó fi gbé e. Sikúrù ni wọ́n fi de tèmi, a dúpẹ́. Bíárìnì ńlá yẹn, nígbà tí òòlù kàn án lẹ́ẹ̀kejì ó tú ká, bọ́ọ̀lù inú ẹ̀ ń já bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹ̀wà, pupa fòò. 6205 àti 6204 ló wà lára wọn. Síìlì náà ti le bí pákó. Ọ̀pá dán ṣáá, Ọlọ́run bá mi ṣe é.

A kó o pọ̀ tán, mo tan án, omi ń wọlé, ó ń wọlé, ó kọ̀ kò dúró, ó kún débi ilẹ̀kùn, ó gba inú ilé ọṣẹ jáde, ṣọ́ọ̀bù di odò, bàtà kọ́sítọ́mà kan ń léfòó. Mo fa wáyà yọ. Mo wo fọ́tò inú fóònù mi, rọ́bà tín-ín-rín kan tó lọ síbi nǹkan róbótó lókè, a gbàgbé láti dá a padà.

EnjiniDokita:
Rọ́bà yẹn ló ń sọ fún un pé omi ti tó. Tí ẹrẹ̀ ọṣẹ bá dí i nísàlẹ̀ náà, bákan náà ló máa ṣe, ẹ máa fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Alagbafo_UnderG:
Mo ti dá a padà. Kò pariwo mọ́, ohùn ẹ̀ kàn ń lọ wiiii báyìí. Èyí tó ń gbomi tín-ín-rín náà, asẹ́ ẹ̀ dí bámú, iyẹ̀pẹ̀ tó wà níbẹ̀ tó síbí kan, mo fọ̀ ọ́, omi ti ń wọlé bó ṣe yẹ, táńkì nìkan ni mo ṣì fẹ́ gbé ga sí i tí owó bá jáde.

Omi_Apake:
Àti iye tó ná ọ, jẹ́ ká gbọ́.

Alagbafo_UnderG:
Bíárìnì, síìlì, gírísì, owó ọkọ̀ Ìbàdàn lọ àti bọ̀, àti oúnjẹ bọ̀ọ̀dá mẹkáníìkì, torí ó kọ̀ kò gbowó, ó ní kí n máa bá òun fọ ofaróòlù fún oṣù kan. Ẹ ẹ̀ rí bí ofaróòlù yẹn ṣe dúdú tó. Oníṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn kọjá lánàá, ó bi mí bóyá mo ti rí onírin tó fẹ́ rà á, maṣíìnì yẹn gan-an ń fọ bẹ́dìṣíìtì lọ́wọ́ lẹ́yìn mi níbẹ̀.

Iya_Ibeji_Owode:
Kí lo wí fún un?

Alagbafo_UnderG:
Mo ní ẹ kú iṣẹ́ sà.